Ilé Onítáyà Mẹ́rin

Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru ààrò búrẹ́dì. Mo kí ìyàwó wa, mo sì kí Bàbá lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ẹ sọ lọ́jọ́sí pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi lórí fóònù mọ́, ẹ sì gé ìpè mọ́ mi létí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ ohùn mi, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni ẹ máa rí. Tí inú bá bí yín, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ mu omi, kí ẹ tún padà gbé e.

Mo ti lọ. Mo dá ilé padà fún onílé. Mo ta àwọn àga. Bẹ́ẹ̀dì tí èmi àti olóògbé ọkọ mi sùn lé, mo fún tọkọtaya tó ń gbé lókè wa. Ọkọ̀ tí mo rà, àwọn alágbàfọ̀ ló ń fi kó aṣọ tẹ́lẹ̀, tí oòrùn bá ti pa á, ó ṣì máa ń rùn bí ọṣẹ. Káfíńtà bá mi kan bẹ́ẹ̀dì sí i, ó ṣe àwọn dúrọ́ọ̀ kéékèèké sábẹ́ rẹ̀, inú wọn ni mo kó gíláàsì àti síkúrúù iṣẹ́ mi sí. Sítóòfù wà lẹ́yìn ìjókòó dẹ́rẹ́bà. Ohun tí mo nílò láyé yìí, tí mo bá na ọwọ́, mo ti kàn án.

Ẹ bi mí pé kí ló ń lé mi. Kò sí ohun tó ń lé mi. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti jókòó sẹ́yìn káńtà kan náà, tí mò ń tún jígí ojú àwọn èèyàn ṣe kí wọ́n lè lọ rí ibòmíràn. Mo tọ́jú ọkọ mi títí ó fi lọ. Ọmọ mi ti wà nílé ọkọ rẹ̀, kò sọ pé òun nílò mi níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mò ń bu omi sínú kẹ́tùlù, mo sì rí i pé mo mọ gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí mi títí tí n óò fi kú. Ẹ̀rù bà mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà tí ọkọ mi ń ṣàìsàn ò tó bẹ́ẹ̀. Mo ti pé àádọ́ta ọdún. Ara mi ṣì le, ojú mi ṣì ríran. Tí mi ò bá lọ báyìí, ìgbà wo?

Iwájú ilé-ìwòsàn kékeré kan ni mo páàkì sí. Mo kọ ọ́ sára páálí pé mo ń tún jígí ṣe, mo gbé e sójú gíláàsì iwájú. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá, okùn ló fi so apá jígí rẹ̀ mọ́ etí. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń so ó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n wò ó." Kí omi tí mo gbé ka iná tó hó, mo ti ṣe é tán.

Ẹ ka lẹ́tà yìí fún Bàbá. Ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ má gé e. N óò wà ní ìlú tó kàn títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, àdírẹ́sì pósí-ọ́fíìsì wọn wà lẹ́yìn àpòòwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀wù òtútù mi aláwọ̀ búlúù ránṣẹ́, ó wà nínú yàrá Bàbá.

Àbúrò yín.


Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àbúrò mi,

Ìyàwó ní kí n kọ́kọ́ kí ẹ dáadáa. Ó dáa, mo kí ẹ.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà, mi ò rí ibi tí o ti bèèrè pé ta ló ń wẹ Bàbá. O rántí bèèrè ẹ̀wù.

Oníbàárà kan bi mí níwájú àwọn èèyàn pé ṣé lóòótọ́ ni pé àbúrò mi ti ń gbé inú mọ́tò. Mo ní iṣẹ́ ló gbé ẹ lọ. Ó wò mí, mo wo àwọn búrẹ́dì. Lọ́jọ́ orí mi yìí, ìwọ lo sọ mí di ẹni tó ń purọ́ nítorí ibi tí obìnrin àgbàlagbà ń sùn.

Nígbà tí Màmá kú, ìwọ fúnra rẹ lo jókòó síbí tí mo jókòó sí yìí, tí o ní Sátidé àti Sọ́ńdè á jẹ́ tìrẹ. Mi ò fipá yọ ọ́ lẹ́nu rẹ. Nísinsìnyí, tí Sátidé bá ti dé, Bàbá á wọ bàtà, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa retí ẹ. Mo máa ń sọ fún un pé o ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Wẹ́sìdé ló wọ bàtà. Iyè rẹ̀ ò pé bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, ìwọ náà mọ̀. Ó ń pe ìyàwó mi ní orúkọ Màmá. Ní àárọ̀ ó máa ń bi mí bóyá mo ti tan iná sí ààrò, bẹ́ẹ̀ òun ni mo ń fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun wọ aṣọ fún.

O ní ẹ̀rù bà ẹ́ nígbà tí o ń bu omi sí kẹ́tùlù. Èmi náà ń bu omi. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ẹ̀rù ń bà mí.

Mi ò ka lẹ́tà náà fún un. Kí ni mo fẹ́ kà? Pé ọmọ òun obìnrin ń sùn nínú ọkọ̀ alágbàfọ̀? Padà wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù rẹ wà níbi tó wà. Wá mú un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó wa tó ní kí ẹ kí mi.

Ọ̀rọ̀ bàtà Bàbá yẹn, mi ò lè jẹun lọ́jọ́ tí mo kà á. Mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, ẹ má bínú kí n tó parí. Gbogbo Sátidé tí mo fi ń wá, ẹ ò jókòó tì wá lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ẹ ti gba ti iwájú jáde. Mo ní kí ẹ fi ọjọ́ náà sinmi, ẹ ní ààrò ò mọ Sátidé. Mo ní ká gba ẹnì kan tí á máa wá tọ́jú Bàbá, kí ẹ̀yin náà lè mí. Ẹ ní kò sí àlejò tó máa wẹ bàbá yín. Mo ní kí ẹ gba ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ búrẹ́dì, ẹ ní ẹ ò tíì kú. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ẹ̀yin lẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín, ẹ wá ń bínú sí mi pé mo wà níta.

Mo ti kọ ọ́. Mo fẹ́ pa á rẹ́, mo wá fi í sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi. N óò wá mú Bàbá. Àyè wà tí mo lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì sí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré: kí òun rí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ògiri, kí ẹ̀yin náà sùn. Dókítà wà ní gbogbo ìlú tí mò ń gbà kọjá. Ẹ rò ó wò, kí ẹ tó sọ pé orí mi dàrú.

Nígbà kan tí mo wà ní abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè, ìyá aránṣọ kan wá sídìí ọkọ̀ mi. Ó ti fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀ torí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Mo bá a wá gíláàsì tó bá ojú rẹ̀ mu. Ó gbé e wọ̀, kò wo ojú ọ̀nà, kò wò mí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe wá rí rèé?" Mo ní, "Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn, Mà." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn káńtà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ẹ ka lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn fún Bàbá. Mo bẹ̀ yín. Ẹ má fi í sídìí ẹnu ọ̀nà kó máa retí ẹni tí ẹ mọ̀ pé kò bọ̀. Bí orí rẹ̀ tiẹ̀ ń gbàgbé nǹkan, bàbá wa ṣì ni, ó yẹ kó gbọ́ òótọ́.

Òkè ni mò ń gùn lọ báyìí. Ẹ máa kọ̀wé sí ìlú etí òkun tí mo kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé, ibẹ̀ ni n óò sọ̀ sí.

Àbúrò yín.


Oṣù Kẹta, ọjọ́ ogún

Mo ka lẹ́tà fún Bàbá. Mo kà á bí o ṣe ní kí n kà á, mi ò gé ọ̀rọ̀ kankan. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ò lè gbé ojú kan láti kékeré." Ó bi mí léraléra pé ọ̀nà wo lo gbà. Mo ní ọ̀nà òkè. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ní bóyá òótọ́ lo sọ.

Lọ́jọ́ kejì, èmi wà nídìí ààrò, ìyàwó ń tajà níwájú. Bàbá wọ kóòtù, ó gbé àpò tó fi ń lọ ra ìyẹ̀fun láyé ìjọ́un, ó jáde lọ. Kò sẹ́ni tó rí i.

A wá a. Mo sáré láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù lára. Mo wọ ilé-ìfowópamọ́, mo wọ ilé onígbàjámọ̀, mo wọ ilé àwọn tí mi ò kí rí. Búrẹ́dì ọjọ́ yẹn jóná sínú ààrò, èéfín bo gbogbo àdúgbò, àwọn panápaná dé. Ìyàwó dúró láàárín títì, ó ń sunkún, ó ń ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe ilé ló ń jó.

Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ó ti kọjá ibi tí ilé parí sí. Ó ṣubú sínú gọ́tà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ òkúta ló rí àpò lójú títì tó fi dúró. Ọkùnrin náà bi í pé, "Bàbá, níbo lẹ ń lọ?" Ó ní ilé ọmọ òun ni, pé kò jìnnà, pé wọn ò lè ṣì í mọ̀, torí ilé náà ní táyà mẹ́rin.

Egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́. Wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní ní ọjọ́ orí rẹ̀, òun ò lè ṣèlérí kankan. Mo pe fóònù rẹ láìmọye ìgbà, ohùn obìnrin kan ló ń dá mi lóhùn pé kò sí.

Wá sílé. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.


Oṣù Kẹta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àìrí ara ẹni o! Mo ṣì wà lórí òkè. Ilẹ̀ ya bo ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun, kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi katakata kó o díẹ̀díẹ̀. Mi ò tíì rí lẹ́tà mìíràn gbà lọ́dọ̀ yín torí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ kọjá ló máa bá mi gbé èyí lọ.

Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín: fóònù mi ti bọ́ sínú odò. Mò ń fọ abọ́, mo tẹ̀ síwájú, ó yọ́ jáde lápò mi. Mo wọ inú omi tẹ̀lé e dé orúnkún. Omi náà tutù débi pé mo pariwo, àwọn tó ń kó ilẹ̀ lọ́nà rò pé nǹkan ti bù mí jẹ.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ní ọ̀gangan ibì kan, táyà ẹ̀yìn yọ̀, ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn, mo rí ìsàlẹ̀ òkè láti ojú fèrèsé. Nígbà tí mo dúró, mi ò lè tú ọwọ́ mi kúrò lára sítíárìn. Mo bi ara mi pé, "Ìwọ obìnrin yìí, ta ló rán ẹ?" Àmọ́ mo sùn lọ́jọ́ náà bí ọmọ tuntun. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò mọ̀ pé irú oorun bẹ́ẹ̀ ṣì wà.

Ṣé ẹ ti kà á fún Bàbá? Kí ló wí? Ṣé ó rẹ́rìn-ín? Ẹ sọ fún mi bó ṣe wí i gan-an, ẹ má gé e kúrú.

Àbúrò yín tó fẹ́ràn yín, bí ẹ tilẹ̀ ń bínú.


Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kẹfà

Ìwọ,

Mo kọ̀wé sí ẹ pé Bàbá wà ní ilé-ìwòsàn. O kọ̀wé padà pé o ń fọ abọ́ nínú odò. O wá ń bi mí bóyá ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Má wulẹ̀ wá mọ́. Nọ́ọ̀sì bi mí pé ọmọ mélòó ni Bàbá bí, mo ní èmi nìkan ni.


Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kẹjọ

Ọkọ mi obìnrin,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yìn káńtà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, tí ọwọ́ ìkọ̀wé mi bá wọ́, oníbàárà ló wọlé.

Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì rí lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n yín kọ nípa ilé-ìwòsàn. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín pé ilẹ̀ ya bo ọ̀nà, pé ẹ ò tíì rí nǹkan kan gbà. Mo fi ìka tọ́ka sí i fún un nínú lẹ́tà yín. Ó ní kí n lọ ta búrẹ́dì. Inú ń bí i débi pé kò lè kàwé mọ́.

Bàbá yè. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn. Ó la ojú, ó mọ̀ mí, ó tún pè mí ní ìyá yín. Ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Wọn ò tíì mọ̀ bóyá á tún rìn.

Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni ọkọ mi. Ilé-ìwòsàn, ààrò, ilé-ìwòsàn, ààrò. Ó ń sùn lórí ìdúró. Ní àárọ̀ àná ó gbé apá rẹ̀ lé ilẹ̀kùn ààrò, kò sì gbé e kúrò. Èmi ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo sáré fà á, awọ ti ṣí. Mo ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé iná ni?" Ó wò mí bí ẹni tí mo jí lójú oorun, ó ní, "Ṣé apá mi ni?" Ẹ̀gbọ́n yín ni ìyẹn, tí ara rẹ̀ máa ń ta tí n bá fi omi tútù kàn án.

Ẹ wá. Ó máa lé yín. Á sọ ohun tí kò dáa sí yín. Ẹ wọlé, ẹ gbé àpò yín sílẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Mo ti rí ẹ̀wù yín, mo ti fọ̀ ọ́.

Èmi ìyàwó yín.


Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Wọ́n la ọ̀nà lánàá. Mo dé pósí-ọ́fíìsì etí òkun láàárọ̀ yìí, akọ̀wé ibẹ̀ kó lẹ́tà yín àti ti ìyàwó wa jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ti rántí mi." Mo ṣí èyí tó gbẹ̀yìn nínú tiyín kọ́kọ́. Mo wá ṣí èyí tó ṣáájú. Mi ò mọ bí mo ṣe jókòó sílẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá ara mi, akọ̀wé ń bu omi fún mi.

Ó yá mi ní fóònù. Mo pè yín, ẹ gbé e, ẹ gbọ́ pé èmi ni, ẹ sì gbé e kalẹ̀. Mo gbọ́ èémí yín kí ẹ tó gbé e kalẹ̀.

Mo ń bọ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì báyìí, tí wọ́n bá ti ṣe tán, mi ò ní dúró níbì kan títí n óò fi dé. Ó ṣeé ṣe kí n ṣáájú lẹ́tà yìí délé. Mo ń kọ ọ́ torí mo mọ ara mi, tí mo bá dé iwájú yín, ẹkún ni n óò sun, ẹ ó wá rò pé ẹkún náà ni gbogbo ohun tí mo ní láti sọ.

Èmi ni mo ní kí ẹ kà á fún un. Mo mọ̀. Kò sí bí mo ṣe lè yí i tí kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ló ṣe ṣubú.

Ṣùgbọ́n mi ò ní wá kúnlẹ̀ kí n sọ pé mi ò ní lọ mọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ mọ ìyẹn kí n tó dé. Mo kábàámọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń sáré kiri pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù. Mi ò kábàámọ̀ pé mo lọ. Mo ti ń wá bí ọ̀kan á ṣe pa èkejì rẹ́ láti àárọ̀, wọn ò pa ara wọn rẹ́.

Ẹ lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀yin nìkan ni ọmọ. Tí mo bá dé, n óò sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ṣi ọmọ kà.

Àbúrò yín.


Oṣù Keje, ọjọ́ kẹsàn-án

Àbúrò mi,

Báwo ni nǹkan? Bàbá ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Aṣe-búrẹ́dì tuntun yẹn, ṣé ó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun wú dáadáa kó tó gbé e sínú ààrò, àbí ó ń kánjú?

Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ nínú ọkọ̀ ni mo jókòó sí. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Mi ò mọ bí o ṣe ń ṣe é.

Mi ò tíì mọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ yẹn. O ti wà nílé láti oṣù kẹrin, mi ò sì bá ẹ sọ ju "gbà" àti "gbé e síbẹ̀" lọ. O ń wẹ Bàbá, o ń kọ́ ọ ní ìrìn, mò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá. O wá dúró tì mí nídìí ààrò, o ń nu páànù, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ gan-an? Tí ó bá jẹ́ pé kí n má lọ mọ́ ni, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́, kí n gbọ́." Mo ya ẹnu láti sọ pé má lọ mọ́. Mo ti kó ọ̀rọ̀ náà jọ sẹ́nu. Ohun tó jáde ni, "Èmi náà fẹ́ lọ."

Ó yà mí lẹ́nu ju bó ṣe yà ẹ́ lọ. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Ìyàwó tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó ní, "Ẹ lọ. Èmi ò fẹ́ sùn nínú mọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ lọ."

Bàbá ló kọ́ ààrò yẹn. Ọjọ́ tí mo parí ilé-ẹ̀kọ́ ló fún mi ní épúrọ́ọ̀nù, mo sì wọ̀ ọ́. Ó bi mí bóyá ó bá mi mu, mo ní ó bá mi mu. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn, èmi náà ò sì sọ.

Ibi tí mo dé ò jìnnà. Etí adágún kan ni, àwọn apẹja ń sá àwọ̀n wọn sí tòsí. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo jí, oòrùn ti wà lókè. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo fò dìde, mo ń wá bàtà, mo rò pé mo ti jẹ́ kí búrẹ́dì jóná. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, kò sì sí nǹkan tó ń jóná níbì kankan. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Mo fọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún un fọ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo jókòó.

Búrẹ́dì wọn níbí ò dáa. Mo wọ ilé búrẹ́dì wọn, mo ṣàlàyé fún ẹni tó ń ṣe é. Ó gbọ́ mi dópin, ó ní, "Bàbá, ẹ wà lẹ́nu ìsinmi, ẹ lọ sinmi." Obìnrin kan kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ pé kí n bá òun tún jígí ṣe. Mo ní ẹni tó ń ṣe é ti rìnrìn àjò, ó wà nílé. Mo sọ ọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ara mi ò balẹ̀. Tí mo bá ń wo omi, Bàbá ni mò ń rò. Ẹ máa ti géètì. Mo fẹ́ padà ní Sátidé tó ń bọ̀.

Mi ò tíì dárí jì ẹ́ tán. Mo ní kí n sọ ọ́, kí o má lọ rò pé ó ti tán. Nígbà tí mo bá rántí gọ́tà yẹn, inú mi ṣì ń ru. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì tó wá wo Bàbá kí n tó lọ pé ọmọ méjì ló bí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Oṣù Keje, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìrìn, ẹ kú àfaradà bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi ẹsẹ̀ sí apá ibi ilẹ̀kùn, ẹ fi orí sí apá sítóòfù, ẹ ó rí i pé ó gbà yín.

Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Aṣe-búrẹ́dì náà ò kánjú. Ìyàwó wa ní kí n sọ fún yín pé ìyẹ̀fun ń wú, pé kí ẹ jẹ́ kí ọkàn yín náà rọ̀. Apá yín tó jó ńkọ́? Ẹ ò sọ.

Ẹ ní kí n ti géètì. Mo tì í lọ́jọ́ méjì. Bàbá dúró tì í, ó ń mi irin rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Mo ṣí i. Tó bá fẹ́ jáde báyìí, mo máa ń wọ bàtà, mo máa ń tẹ̀ lé e. Ó ń fi ọ̀pá rìn, kò yára, ibi tó bá rẹ̀ ẹ́ sí la máa ń yà sí. Kò rọrùn, Ẹ̀gbọ́n mi. Ní àná ó ṣubú jókòó sójú ọ̀nà, mo gbé e, ẹ̀yìn mi ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo sọ̀rọ̀ sí i lọ́nà tí kò dáa. Mo wá rántí pé lójoojúmọ́ lẹ ń ṣe èyí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe búrẹ́dì ìdajì ìlú tán. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọkàn mi ò sí nílé yìí síbẹ̀, mi ò ní tàn yín. Tí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá lójú títì, ẹsẹ̀ mi máa ń yún mi. Bí ẹ bá dé, n óò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, n óò lọ, n óò sì padà wá ní oṣù kẹwàá bí a ṣe jọ sọ ọ́. Mi ò ní kí ẹ gbà mí gbọ́ báyìí. Ẹ dúró kí ẹ rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má padà ní Sátidé. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn.

Ẹ̀yin ni Bàbá ń wá kiri báyìí. Kò wá mi mọ́, mo wà lójú rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ó wọ ilé búrẹ́dì, ó dúró ti aṣe-búrẹ́dì, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ kọ́. Ọmọkùnrin mi dà?" Ọkùnrin náà wò mí. Mo ti fẹ́ sọ pé ẹ lọ ra ìyẹ̀fun, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ó rìnrìn àjò. Ó wà létí adágún, kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀, ó kàn jókòó ni."

Mo rò pé á ní òun ń lọ bá yín. Mo ti ń wo ibi tí ó gbé kóòtù rẹ̀ sí.

Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ronú. Ó wá ní, "Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń jí i láàárọ̀. Ẹ má pè é. Ẹ jẹ́ kó sùn."

Bó ṣe wí i gan-an nìyẹn, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀. Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo ń yára kọ ọ́ kó tó gbàgbé pé òun sọ ọ́.

Àbúrò yín.